Ìtàn Alàwòrán fún Àgbàlagbà: Ta Ni Yóò Kọ Tiwa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ ti mọ̀ wá mọ́. Àwọn kan tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa ti sọ pé kò yẹ kí ó ti ẹnu àlùfáà jáde rárá. A gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ kà á dé òpin, kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ní àkókò Kérésìmesì tí ó kọjá, nígbà tí àwọn ará Abidjan wálé, tí èdè Faransé sì gba ọjà Èjìgbò kan gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń gbà á lọ́dọọdún, a lọ bá ọ̀rẹ́ wa kan ṣe òkú ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbó, ó tọ́, ó fi ọmọ sáyé lọ. Òkú ayọ̀ ni. Lábẹ́ igi iwájú ilé, a bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní aya àti ọmọ méjì ní Adjamé, níbi tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ tí ó sì gbẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A bi í léèrè pé kí ni ó ń wò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìwé ni, Bàbá. Mò ń kà á ni.” A bẹjú wò ó, a rí àwòrán ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ tóbi bí ojú òwìwí, ẹ̀rín sì pa wá. A ní, “Àgbàlagbà bí ìwọ, àwòrán ọmọdé ni o jókòó tì láti àárọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún wa pé láti ilẹ̀ Japan ni ìtàn náà ti wá, pé a ti yí i sí èdè Faransé, pé òun ti ń kà á láti òru mẹ́rin. Ó ní ọkùnrin inú ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni ó da ilé wọn rú, ìwé náà sì ń bi òun, òun òǹkàwé, bóyá kí ọkùnrin náà sọ ọ́ síta tàbí kí ó pa á mọ́ra. Ó ní òun kò tí ì mọ èyí tí òun yóò mú. Nígbà náà ni ẹ̀rín wa dá.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ wá lára gan-an. Àwọn ẹbí ti tẹ ìwé ìtàn ayé ìyá náà ní èdè Yorùbá, oríkì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Wọ́n pe ọkùnrin yìí, nítorí òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ, kí ó wá kà á fún ìjọ. Ó gba ìwé náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì nà án sí ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan tí ń lọ sí ilé-ìwé ní Èjìgbò níhìn-ín. Ọmọ náà kà á, ó sì kà á dáadáa. Ọkùnrin náà wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, ó ní, “Mo gbọ́ Yorùbá, Bàbá. N kò mọ̀ ọ́n kà ni.” Ẹni tí ó ka ìtàn Japan fún òru mẹ́rin kò lè ka oríkì ìyá bàbá rẹ̀.

A kò dá a lẹ́bi. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà Abidjan ti rí láàárín wa. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ni àwọn ará Èjìgbò, ará Ifẹ̀-Ọdàn, ará Ìlawó àti àwọn abúlé wa mìíràn ti ń bá òwò lọ sí Côte d'Ivoire. Púpọ̀ nínú ilé alájà tí a ń wò lónìí, owó ibẹ̀ ni a fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ tí a bí sí Treichville àti Adjamé lọ sí ilé-ìwé Faransé, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wọn. Etí wọn wà nílé, ojú wọn wà ní òkèèrè. Ìbéèrè tí ó dà wá láàmú ni èyí: bí ọkùnrin náà bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, kí ni a ní fún un láti kà? Kí ni a ti kọ fún ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní gbèsè àti aya àti ọmọ, tí yóò mú kí ó sun oorun díẹ̀ fún òru mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ohun tí ó ń kà ti rí, nítorí púpọ̀ nínú yín kò tí ì rí i. Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní visual novel. Àwòrán ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀ ni yóò kún ojú fóònù. Àwòrán ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀, ìlà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá kà á tán, a ó fi ìka kàn án, ìlà mìíràn yóò sì jáde. Orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, nínú púpọ̀ wọn sì ni eléré ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà bí òǹkàwé ti ń kà á lọ. Nígbà tí ìtàn bá dé oríta, yóò béèrè pé ọ̀nà wo ni kí a gbà, èyí tí òǹkàwé bá sì mú ni yóò pinnu ibi tí ìtàn yóò parí sí. Nítorí náà ìwé kan ṣoṣo lè ní òpin mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé èyí ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà ilẹ̀ adúláwọ̀ ní irú àlọ́ kan tí kò ní òpin títí àwọn olùgbọ́ yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta jùmọ̀ gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ikú: ọ̀kan fi dígí rí i láti òkèèrè pé ó ń kú lọ, ọ̀kan ní ohun tí ó gbé wọn débẹ̀ kíákíá, ọ̀kan fi oògùn jí i. Ta ni kí ó fẹ́ ẹ? A ti rí ibi tí àwọn àgbàlagbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí èyí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú iṣẹ́ àwọn ará Japan kò ju ẹ̀rọ lọ.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni bí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe wọ́n ti lè kéré tó. A ṣe ìwádìí ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Type-Moon. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti mọ ara wọn láti ilé-ìwé ni wọ́n dá a sílẹ̀: Kinoko Nasu ni ó ń kọ̀wé, Takashi Takeuchi ni ó ń ya àwòrán, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ mìíràn sì ń ṣe orin àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọjà ńlá kan wà ní Tókíò tí a ń pè ní Comiket, tí ó ti wà láti ọdún 1975, níbi tí àwọn tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ti máa ń pàtẹ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Níbẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ti ta ìtàn wọn tí a ń pè ní Tsukihime ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Wọn kò dúró de ìjọba, wọn kò dúró de òyìnbó, wọn kò sì fi èdè mìíràn kọ ọ́ kí ayé lè gbọ́. Èdè ìyá wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, fún àwọn tí ń gbé àdúgbò wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2004 wọ́n gbé òmíràn jáde, Fate/stay night, orúkọ wọn sì kan kárí ayé.

A ti dé ibi tí ó ṣòro báyìí. Àwọn ìtàn méjèèjì yìí, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, ti àgbàlagbà nìkan ni wọ́n, nítorí ìhòòhò àti ìbálòpọ̀ wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú irú ìwé yìí. A kò ní fi bò fún yín. Ní ọdún 1992 àwọn oníṣòwò náà fúnra wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí ó sì ń fi àmì sí èyí tí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ rà. Àwa kò ní yin ìhòòhò lójú ìwé yìí, a kò sì ní fi í lé ọmọ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2007 wọ́n tún Fate/stay night ṣe fún ẹ̀rọ PlayStation 2, wọ́n sì yọ gbogbo ibi ìbálòpọ̀ kúrò. Ìtàn náà kò kú. Ńṣe ni ó tún gbilẹ̀ sí i. Ní ọdún 2021 wọ́n tún Tsukihime ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì fi ìbálòpọ̀ sí i mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìhòòhò ni àwọn ènìyàn ń rà, kí ló dé tí wọn kò fi sá nígbà tí a kó o kúrò? Ìtàn ni wọ́n ń rà. Ọ̀rọ̀ ikú, ẹ̀ṣẹ̀, májẹ̀mú, ìfẹ́ tí kò bọ́ sí i, èyí ni ohun tí ó mú àgbàlagbà jókòó.

Àwọn tí ó wí fún wa pé kí àlùfáà má sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ti gbàgbé bí ìwé ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí i láti orí àìsàn. Obìnrin tí ó ti fi ara rẹ̀ ṣòwò ní ìgbà èwe ni, tí ó wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹwà ti lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ nìyẹn, àgbàlagbà Èkó ni a sì kọ ọ́ fún. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè fi ìwà ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ni láìbọ́ aṣọ lára ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá wọ ilé-ìwé. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, olùkọ́ ni òun náà, iṣẹ́ ńlá ni ó sì ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé Yorùbá ti di ohun tí a ń kà nítorí ìdánwò, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ìdánwò bá parí. Àwa olùkọ́ jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Ọdún mélòó ni a ti fi ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ bí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí a kò bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ni wọ́n ń kà nílé! Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbìyànjú fún àgbàlagbà nígbà tí ó kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969. Bí ẹ bá lọ wò ó lónìí, àpò akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ó ti bá a.

Ohun kan ṣoṣo ni a mọ̀ tí ó jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n yìí, alàwòrán sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ wa yóò rántí Atọ́ka. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ eléré tíátà alárìnkiri ni a ń ya ní fọ́tò bí wọ́n ti ń ṣeré, a ó to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn lójú ìwé, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Irú rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, African Film tí àwọn oní-Drum ń tẹ̀, níbi tí Lance Spearman ti ń lé ọ̀daràn kiri. Ṣùgbọ́n Atọ́ka ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ orogún àti ogún pípín àti òjìji ọ̀rẹ́ ni ó sì ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní ọmọdé wa, ilé onígbàjámọ̀ ni a ti ń kà á, àwọn bàbá tí ń dúró de abẹ ni ó ń kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Ìyá kan wà nítòsí ilé wa tí ń ta aṣọ, tí kò lọ sí ilé-ìwé rí. Yóò wo àwòrán, yóò gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ti ń kà á, yóò sì fi ìka tọ ìlà náà. Nígbà tí ó ṣe, kò pe ọmọ mọ́. Atọ́ka ni ó fi mọ ìwé kà.

Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́ láti ọdún 1986, tí bébà di ọ̀wọ́n, tí àwọn eléré sì ti kó lọ sínú fíìmù àti fídíò, Atọ́ka rọ̀, ó sì kú. A kò bá fíìmù jà. Ṣùgbọ́n fíìmù kò tí ì sọ ẹnikẹ́ni di òǹkàwé.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ọmọ Adjamé wa. Ó gbọ́ Yorùbá. Kò mọ̀ ọ́n kà. Bí ohùn àgbàlagbà Èjìgbò bá ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, tí ìlà ọ̀rọ̀ náà gan-an sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi fi ìka kàn án, nínú oṣù mẹ́ta kò ní nílò ohùn mọ́. Ohun tí ó ṣe ìyá aláṣọ nìyẹn. A kò mọ ilé-ìwé alẹ́ kan tí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò gbà láti wọ̀, ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí ó lè mú un jókòó.

Àwọn kan yóò ní kò sí ẹni tí ó lè ṣe é. Ẹ̀yin ènìyàn wa, Òṣogbo kò jìnnà sí wa! Níbẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí fi ṣe ibùdó; níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962, tí àwọn ayàwòrán àti àwọn eléré sì jọ ń jẹ nínú àwo kan. Muraina Oyèlámì ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ó sì ń ya àwòrán tí ayé ń rà. Òun náà ni ó di Ẹ̀ẹ̀sà Ìrágbìjí. Ìtàn, àwòrán, orin, àti ohùn eléré, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn ará Japan ń kó jọ, lábẹ́ òrùlé kan ni wọ́n wà ní Òṣogbo kí a tó bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì ọ̀hún. Ní ti ẹ̀rọ, ohun èlò kan wà tí a ń pè ní Ren'Py, tí a fi ń ṣe irú ìtàn yìí fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn ará Abidjan pàápàá ti fi ọ̀nà hàn wá ní tiwọn. Marguerite Abouet, ọmọ Abidjan, kọ ìwé alàwòrán Aya de Yopougon, Clément Oubrerie yà á. Ó jáde ní ọdún 2005, ó sì gba ẹ̀bùn ní Angoulême ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, ọkọ, oyún, bàbá tí ń tan ìyá, ládùúgbò àwọn tálákà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà níbẹ̀ ń kà á. Yopougon ti di ìlú tí a mọ̀ nínú ìwé. Èjìgbò ńkọ́?

Ìtàn tí a bá kọ́kọ́ fẹ́ rí, a ti rò ó. Ọkùnrin ará Èjìgbò kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Treichville, ó ní aya kan níbẹ̀ àti aya kan nílé, ilé rẹ̀ ní Èjìgbò sì dúró ní àjà. Ogun bẹ́ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Ṣé kí ó ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó kí ó sì sá wálé? Ṣé kí ó rán àwọn ọmọ ṣáájú? Bí ó bá dúró, tí rògbòdìyàn ìdìbò ọdún 2010 sí 2011 tún bá a níbẹ̀, kí ni yóò sọ fún ìyá tí ń dúró dè é nílé? Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni oríta yẹn ti dúró níwájú yín ní ti òótọ́, ẹ sì mọ̀ pé ó ní ju òpin kan lọ. Ìtàn àgbàlagbà nìyẹn, kò sì sí ìhòòhò kankan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ti ọkàn.

Ní ti owó, a kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Iye tí ìdílé kan ń ná lórí aṣọ ẹbí fún òkú kan ṣoṣo yóò gbé iṣẹ́ yìí débi tí ó dára, a sì mọ ohun tí a ń sọ, nítorí a jẹ nínú irú òkú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka Èjìgbò ti gbà láti jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Àwọn ọmọ Abidjan méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ṣèlérí pé àwọn yóò wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ wa oní-ẹ̀yà-ara-ọkọ̀ sì ní òun yóò san owó ọkọ̀ wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní Atọ́ka àtijọ́ nínú àpótí, ì báà jẹ́ èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé náà. A ó wò ó, a ó ya fọ́tò ojú ìwé rẹ̀, a ó sì dá a padà fún un lọ́jọ́ náà.